Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: má fi láílọ́ọ̀nù se mọ́ínmọ́ín

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o ti rí ṣọ́ọ̀bù gbà ní Ìkòròdú, pé oúnjẹ lo fẹ́ máa tà níbẹ̀: mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ láàárọ̀, àmàlà àti ewédú lọ́sàn-án. Inú mi dùn gan-an. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ ti dùn lọ́bẹ̀, o sì ní sùúrù fún èèyàn. Ọjà á tà, àwìn ò ní jẹ owó rẹ run, wàá fi èrè rẹ̀ kọ́lé.

Ìyá rẹ tún fi ìwé ohun tí o fẹ́ rà ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá ọ wò ó. Ìkòkò, orógùn, ìgbákọ, àdògán, gbogbo rẹ̀ pé. Ìsàlẹ̀ ìwé ni ojú mi dúró sí, níbi tí o kọ láílọ́ọ̀nù mọ́ínmọ́ín sí, láílọ́ọ̀nù àmàlà, abọ́ fóòmù fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ sílé, àti ṣíbí ike. Jọ̀wọ́, má tíì ra ìyẹn. Ka lẹ́tà yìí tán ná. O mọ̀ pé wolé-wolé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé olóúnjẹ, ibi ìpẹran, gọ́tà àti ààtàn ni iṣẹ́ ọba gbé mi kiri títí irun mi fi funfun. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú mi ló ṣe. Èyí tó kù, ìwé àwọn onímọ̀ ni mo ti kà á.

Inú ìkòkò ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́ jù. Epo rọ̀bì àti gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ike. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú láílọ́ọ̀nù ọjà, polyethylene ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣèèṣì bá a pàdé ní 1933. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń wà nínú láílọ́ọ̀nù. Wọ́n máa ń po kẹ́míkà mìíràn mọ́ ọn kó lè rọ̀, kó lè dán, kó ní àwọ̀, kí oòrùn má tètè gbó o. Àwọn kẹ́míkà yìí ò lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Bí ooru bá ti kàn án, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, bí epo bá sì wà nítòsí, inú epo ni wọ́n ń sá sí. Wàyí o, kí ni mọ́ínmọ́ín? Ẹ̀wà lílọ̀ ni, tí a fi òróró pò, tí a wá gbé sínú omi tó ń hó títí yóò fi dì. Bí ẹnì kan bá ní kí n wá oúnjẹ tí kò yẹ kó fara kan láílọ́ọ̀nù rárá, mọ́ínmọ́ín ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, màá sì fi àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná tẹ̀ lé e.

Àwọn olóúnjẹ máa ń bi mí pé, "Màmá, ṣé ó yọ́ ni?" Lóòótọ́, kò yọ́. Omi ìkòkò kì í gbóná kọjá ìwọ̀n 100 Celsius, láílọ́ọ̀nù sì ń fẹ́ ooru tó ju ìyẹn lọ díẹ̀ kó tó yọ́. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá yọ́ kó tó ju nǹkan sílẹ̀. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Trinity College ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, gbé ìgò ike tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní mílíìkì, wọ́n fi omi gbígbóná sí i gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe ní kí ìyá ọmọ ṣe é, wọ́n wá yẹ omi náà wò. Èérún ike tí ojú lásán ò lè rí tó bọ́ sínú rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 16 nínú lítà kan ṣoṣo. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni èérún náà ń pọ̀ sí i. Irú ike mìíràn ni ti ìgò yẹn, ó sì le, ó nípọn ju láílọ́ọ̀nù lọ fíìfíì. Èmi ò rí ìdí tí màá fi rò pé láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a da àmàlà gbígbóná sí yóò ṣe dáadáa jù ú lọ.

Èérún yìí kì í dúró sínú ikùn nìkan. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 22 wò, wọ́n bá ike nínú ẹ̀jẹ̀ 17 lára wọn. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn dókítà ní Ítálì ti bá a nínú olóbì ọmọ, ìyẹn ni pé ó ti ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kí wọ́n tó bí i. Ítálì yìí kan náà ni wọ́n ti yẹ ọ̀rá tó dì sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn àwọn aláìsàn wò, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2024. Nínú aláìsàn 257 tí wọ́n tẹ̀ lé dé òpin, wọ́n bá ike lára 150. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ewu rọpárọsẹ̀, ìkọlù ọkàn tàbí ikú fi ìlọ́po mẹ́rin àtààbọ̀ pọ̀ lára àwọn tó ní ike lára ju àwọn tí kò ní lọ. Àwọn dókítà náà ò sọ pé ike ló fà á; wọ́n ní àwọn bá méjèèjì níbi kan náà ni, ìwádìí ṣì ń lọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ọ, mi ò fi iyọ̀ sí i. Àmọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ìwádìí bá parí.

Kẹ́míkà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní bisphenol A, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń pè ní phthalates. Bí wọ́n bá dé inú ara, wọ́n máa ń da họ́mọ́ònù rú, ìyẹn àwọn nǹkan tó ń darí nǹkan oṣù, oyún, àtọ̀ ọkùnrin àti bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ní kí ẹnikẹ́ni má fi bisphenol A ṣe ìgò ọmọ mọ́ láti 2011. Kì í ṣe gbogbo ike ló ní wọn. Àmọ́ èwo lo fẹ́ fi mọ̀ nínú ìdì láílọ́ọ̀nù tí wọ́n dì kalẹ̀ fún ọ lọ́jà, tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára? Èyí tó dúdú nínú wọn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àlòkù tí wọ́n ṣà jọ láti ibi gbogbo ni wọ́n sábà máa ń yọ́ fi ṣe é, wọ́n sì po àwọ̀ dúdú mọ́ ọn kó lè bo ohun tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń da ẹ̀bà sí.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ pé gbogbo ayé ló ń lò ó, tí ẹnikẹ́ni ò ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ ni mo ń sọ, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Mo ti bá a ní ilé olóúnjẹ púpọ̀ pé láílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ran èédú. Wọ́n á ká a mọ́ orí igi, wọ́n á ṣáná sí i, á máa kán tótó bọ́ sórí èédú, èéfín dúdú á gba gbogbo ilé ìdáná, ẹni tó ń dáná á máa nu ojú. Nírọ̀lẹ́, èyí tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á gbá jọ, wọ́n á tún sun ún. Má ṣe bẹ́ẹ̀ láyé rẹ, má sì jẹ́ kí ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ ṣe é. Èérí inú èéfín yẹn fẹ́lẹ́ débi pé ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí fóòmù bá wà níbẹ̀, styrene ń bá èéfín náà jáde, bí irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù àti ara wáyà iná bá sì wà níbẹ̀, dioxin ń jáde, èyí tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, tó sì ń pẹ́ púpọ̀ nínú ara kó tó lọ. Ó tún ń bà sórí ilẹ̀ àti sórí koríko, ẹran ń jẹ ẹ́, àwa náà ń jẹ ẹran. Dioxin wà lára àwọn májèlé tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí ìwé lé lórí ní Stockholm ní 2001 pé àwọn máa gbógun tì. Ìdáná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kò yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ ńlá lójú májèlé yìí. Tí o bá fẹ́ ran èédú, ẹ̀ẹ̀ṣan ẹyìn wà, èèpo igi gbígbẹ wà.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí níbi ìpẹran fún ọ. Wọ́n gbé ewúrẹ́ kan wá, ikùn rẹ̀ tóbi, olówó rẹ̀ rò pé oyún ni. Nígbà tí alápatà la àpòlúkù rẹ̀, ọ̀bẹ ò wọlé dáadáa. Ohun tó fà jáde rọ́ pọ̀ gbìngbìn, ó ki, ó dúdú, ó ń yọ̀, ó tóbi ju orí ọmọdé lọ. Nígbà tí a da omi lé e tí a sì ń tú u, láílọ́ọ̀nù ni, ìkan lórí ìkan. Lára òmíì, àmì ilé-iṣẹ́ omi tí wọ́n tẹ̀ sí i ṣì hàn kedere. Òmíì sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ láílọ́ọ̀nù mọ́ínmọ́ín, wọ́n ti so ó ní kókó. O mọ̀ pé ewúrẹ́ kì í ṣàdédé jẹ ike. Epo àti iyọ̀ tó kù lára rẹ̀ ló ń fà á. Nǹkan náà ò lè dà, kò lè kọjá, koríko ò rí ibi jókòó sí mọ́, ebi ló ń pa ẹran yẹn pẹ̀lú ikùn tó kún. Egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé kà. Àwọn alápatà ò sì yà á sí nǹkan kan, wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn ń rí i.

Èyí tí ewúrẹ́ ò bá jẹ, gọ́tà ló ń lọ. O kéré nígbà tí omi ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, àmọ́ o á ti gbọ́ ọ. Ó lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ. Ti odò Ògùnpa, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, àwa àgbà ò lè gbàgbé rẹ̀. Títí dòní, bí òjò bá ṣú ju bó ti yẹ lọ, a máa ń dárúkọ rẹ̀. Òjò méjèèjì pọ̀, kò sí gọ́tà tí ì bá gbà wọ́n tán. Wọ́n sì ti kọ́lé sí ojú omi. Ṣùgbọ́n pàǹtírí dí ọ̀nà fún omi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní 1980, láílọ́ọ̀nù ò tíì pọ̀ tó báyìí. Nígbà tó fi di 2011, òun ló gba iwájú. Mo wà lára àwọn tó jáde lẹ́yìn tí omi ti lọ. Ṣọ́bìrì ò wọ gọ́tà. Láílọ́ọ̀nù ló wà lókè, yanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, láílọ́ọ̀nù tún wà lábẹ́ yanrìn, ó dì pọ̀ bí ẹní tí a ká. Ọwọ́ la fi ń fà á. Bí o bá fa ọ̀kan, á fa mẹ́wàá jáde, omi dúdú á tú sí ọ lójú. Ní ibì kan a fa títí, afárá kékeré tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá hàn sí wa. A ti ń rìn lórí ilẹ̀ ibẹ̀ láì mọ̀ pé afárá ni.

Àwọn ará Bangladesh ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú wa. Omi bo Dhaka, olú ìlú wọn, ní 1988 àti ní 1998, wọ́n bá láílọ́ọ̀nù lẹ́nu gọ́tà wọn. Nígbà tó di 2002, wọ́n fòfin dè é, àwọn ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Rwanda tẹ̀ lé wọn ní 2008, Kenya ní 2017.

Omi tó dúró sí gọ́tà ló ń bí ẹ̀fọn, ife ike tó gba òjò sínú náà sì tó fún ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri láti yé sí. Bí gọ́tà bá kún, ìgbẹ́ á ṣàn wọ kànga. O wà ní Èkó nígbà tí onígbáméjì jà níbẹ̀ ní oṣù kẹfà 2024, n ò ní tún un sọ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde láti ẹnu kọmíṣánnà fún àyíká, Tokunbo Wahab, pé àwọn ò fẹ́ rí abọ́ fóòmù mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025, wọ́n fi ife ike, ìfamu àti láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un. Bí o bá kó abọ́ fóòmù jọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹrù òfin lo kó sílé, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ láìsan kọ́bọ̀.

N kò ní purọ́ fún ọ pé òfin náà dọ́gba. Olóúnjẹ tó ní ìkòkò méjì ni wọ́n ń lé kiri, àwọn tó ń rọ ike jáde lójoojúmọ́ ń sùn ní àlàáfíà. Àwọn orílẹ̀-èdè gbogbo ti ń jókòó láti 2022 kí wọ́n lè fọwọ́ sí àdéhùn kan tí yóò fi òpin sí ike tó ń ba àyíká jẹ́. Wọ́n pàdé ní Busan ní ìparí 2024, wọn ò gbọ́ra wọn yé, wọ́n pàdé ní Geneva ní oṣù kẹjọ 2025, ó tún fọ́rí ṣánpọ́n. Ó bí mi nínú. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe é ló yẹ kí ẹrù náà ti wúwo jù. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń tún un lò tàn ọ́ jẹ. Àwọn onímọ̀ tó ṣírò gbogbo ike tí aráyé ti lò tì títí dé 2015 rí i pé nǹkan bí ìdá 9 péré nínú 100 ni wọ́n tún lò. Àwọn bólà-bólà tó ń kọjá lójúlé rẹ, ìgò ni wọ́n ń wá, torí ìgò ní olùrà. Láílọ́ọ̀nù tí epo ọbẹ̀ ti rin, kò sẹ́ni tó ń rà á.

Ó wá ku ewé. Ewé eéran ni kí o rà, ewé gbòdògì náà dára. Abẹ́ igbó àti abẹ́ kòkó ni wọ́n ń wù sí, apá Oǹdó àti Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ ti ń wá. (Ṣé o mọ̀ pé ara èso ewé eéran yìí ni àwọn òyìnbó ti ń yọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tó fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún dùn ju ṣúgà lọ? Àwa ọmọdé ayé àtijọ́ ti ń lá a nínú oko.) Nígbà tí o bá fẹ́ rà á, wo ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tó bá ní àmì pupa káàkiri tàbí tó ti ń gbẹ létí, má rà á, yóò ya. Fi omi àti iyọ̀ díẹ̀ fọ̀ ọ́ níwájú lẹ́yìn, nù ún, gé igi rẹ̀, kí o sì tọ́jú igi náà. Yí i lórí iná fẹ́ẹ́rẹ́ kó rọ̀. Ewé méjì ni kí o gbé lé ara wọn, ojú tó ń dán á kọ inú. Ká a kó rí ṣónṣó, ṣẹ́ ìdí rẹ̀ padà sẹ́yìn, dì í mú pẹ̀lú ìka méjì, da ẹ̀wà sí i kó má kún, pa ẹnu rẹ̀ dé, kí o wá ṣẹ́ ẹ sábẹ́. Igi ewé tí o gé ni wàá tẹ́ sí ìdí ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Àkọ́kọ́ á jò, ìkejì á jò. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n pọ́n ju èmi lọ, ní kó wá lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú rẹ. Òórùn ewé yẹn nìkan á pe oníbàárà wá fún ọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ewé máa ń wọ́n. Ní àkókò yẹn, agolo àti abọ́ irin kékeré ni kí o fi sè é fún àwọn tó bá jókòó jẹun, kí ewé wà fún àwọn tó ń gbé e lọ. Àmàlà náà, bu ú sínú abọ́ fún ẹni tó jókòó. Ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sílé, ní kó mú kúlà tàbí abọ́ onídérí tirẹ̀ wá, kí o sì fi ẹ̀ẹ̀nì lé e fún un: ẹyọ ẹran kékeré kan, tàbí ọbẹ̀ tó kún dáadáa. Bí wọ́n bá ti rí ẹ̀ẹ̀nì, wọn ò ní gbàgbé kúlà sílé mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé, fi ewé gbòdògì wé e fún un, bí àwọn ìyá wa ṣe ń wé iyán. Owó tí o fẹ́ fi ra láílọ́ọ̀nù, fi ra abọ́ àti ṣíbí irin; ṣíbí irin á pé ọ lọ́wọ́. Ewé tí wọ́n bá jẹ tán, kó o sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, kò sí ohun tó máa ṣe é, bí o bá sì dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á di ilẹ̀dú.

Omi inú ọ̀rá ló ṣòro jù, mi ò ní tàn ọ́. Bí o bá lè ra àmù ńlá tàbí kúlà omi kan, kí o máa se omi tàbí kí o máa sẹ́ ẹ, fún àwọn tó jókòó, yóò dín in kù. Èyí tí o bá tà, gbé e kúrò lóòrùn, gbé apẹ̀rẹ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà fún ọ̀rá òfìfo, kí o sì wá ẹni tó ń rà á. Ọ̀rá omi tó mọ́, wọ́n ń rà á.

Mo ti bá obìnrin kan tó ń ta ewé ní Ọjà Ọba sọ̀rọ̀. Ó ní òun á máa fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń gbéra láti Ìwó Róòdù wá sí Ìkòròdú títí wàá fi mọ àwọn tó ń tà á ní ìtòsí rẹ. Ti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èmi ni mo máa san án, ẹ̀bùn ìbẹ̀rẹ̀ ọjà ni. Pè mí kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí o sọ iye ìdì tí o fẹ́ fún mi àti nọ́ńbà ẹni tó máa lọ gbà á ní gáréèjì.



Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní Ìbàdàn.